Ìgò Pálọ̀

Bí ooru oṣù kẹjọ bá mú ní Òpópónà Lílì, imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ara tó mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Ṣáláńgá kan ṣoṣo ni ilé mẹ́rin ń pín lò ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn agbépòó ti yọjú kẹ́yìn. Ó ti kún dé ẹnu. Ó ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba àárín òkúta àgbàlá lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, eṣinṣin sì bò ó dúdú. Láti ibẹ̀ dé fèrèsé ilé ìdáná Zillah Ogden kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ. Eṣinṣin kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Nínú ilé ìdáná yẹn, ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí."

Selina, ìyàwó ọmọ Zillah, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà onígi, èkejì ṣì wà nílẹ̀. Percy, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, wà láyà rẹ̀, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ọmọ náà ti ń yàgbẹ́ gbuuru, omi lásán tó ní àwọ̀ ewé, tó ń rùn. Aṣọ ìdí mẹ́sàn-án ló ti bàjẹ́, gbogbo wọn wà nínú garawa lẹ́bàá ààrò.

"O ò lọ kẹ̀?" Zillah ń bu tíì fún Enoch ọmọ rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ta ni yóò dúró ti òfì mẹ́rin rẹ? Kí fèrè ilé ìhunṣọ tó dákẹ́, obìnrin mìíràn ti wà nídìí ẹ̀. Àbí o rò pé wọ́n ń wá obìnrin tì?"

"Ẹ wo ojú rẹ̀, Ìyá. Ẹ wo bó ṣe jìn wọnú."

"Mo ti rí i. Eyín ni. Ọmọ wo ló ń hu eyín tí kì í yàgbẹ́?"

"Eyín kọ́ lèyí. Eyín tó ń hù, ṣé ó ń sọ ọmọ di arúgbó ni?" Selina yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Enoch, sọ̀rọ̀. Àbí ìwọ ò sí níbí?"

Enoch wà lórí ìdúró, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹran ra lójú. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan òun ni. "Ẹ jẹ́ ká wò ó di ìrọ̀lẹ́," ó ní. "Dókítà ò kúkú ní í wá lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì ń sanwó fún wa."

"Ìrọ̀lẹ́! Bí kò bá sí ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Panu mọ́!" Zillah la kẹ́tùlù mọ́lẹ̀. "A kì í sọ irú ẹ̀ sọ́mọ lórí. Mo ti tọ́mọ rí, Selina. Kì í ṣe lórí ọmọ tìẹ ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́."

"Mélòó lẹ bí, Ìyá?"

"O mọ̀ ọ́n. Mẹ́sàn-án."

"Mélòó ló ń jẹun nínú wọn lónìí?"

Mẹ́ta ni. Enoch, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ọ̀hún, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń wo ilẹ̀. Ojú Selina ti ń wá ibi tó máa sá sí nítorí ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fèrè ilé ìhunṣọ fi bú jáde lókè, tó sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Selina fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lórí, ó gbé e lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń sáré lọ, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ bó ṣe dúró ní kọ̀rọ̀ láti wọ̀ ọ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," Zillah sọ fún ọmọ náà. "Àwọn èèyàn rẹ ló ń pariwo."

Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ló ń yọ fún un, ìka rẹ̀ kan náà ni Percy sì máa ń dì mú kó tó lè sùn. Ìfẹ́ pọ̀ ní Òpópónà Lílì. Bí ìfẹ́ bá ń wo ìgbẹ́ gbuuru sàn ni, ọmọ kankan kì bá tí kú níbẹ̀.

Ó tẹ́ ọmọ náà sínú àpótí ọsàn tí wọ́n fi ṣe ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì gbé ìgò onírọ́bà tì í. Ìgò pẹlẹbẹ kan ni, rọ́bà tó gùn tó apá yọ lẹ́nu rẹ̀, orí ọmú kékeré sì wà ní ìparí rọ́bà náà. Bí a bá ti kì í bọ ọmọ lẹ́nu, ọmọ á máa fà á fúnra rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ní láti gbé e lọ́wọ́. Ìyá lè lọ síbi iṣẹ́, ìyá àgbà lè fọ̀ṣọ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pè é ní ọ̀rẹ́ ìyá ọmọ. Wàrà agolo ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti yọ gbogbo ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí wọ́n wá fi ṣúgà tàn án lójú. Alaalẹ́ ni Zillah ń fi omi gbígbóná ṣan ìgò náà, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìka ta ló lè wọ inú rọ́bà? Omi á gba inú rẹ̀ kọjá, ó parí.

Ìgò mìíràn sì wà nínú ilé yẹn o. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni ìyẹn ń gbé.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ pálọ̀, ẹ má wo èmi nìkan. Yàrá iwájú ni, ó dojú kọ òpópónà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀. Kọ́tìnnì léèsì wà lójú fèrèsé, àga mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ìdí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò kàn rí, ajá tánganran méjì sì jókòó sórí pẹpẹ ààrò tí a kì í dá iná sí. Eṣinṣin ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó tutù, ó ń dán, ó ń rùn òróró tí wọ́n fi ń nu àga. Èèyàn mẹ́rin ń há mọ́ ara wọn nínú ilé ìdáná, tí wọ́n ń jẹun lẹ́bàá garawa aṣọ ìdí, kí yàrá tó dára jù nílé lè sinmi! Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún: àlùfáà, àlejò ńlá, àti òkú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni Mísì Thornber mú ìgò kejì wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọge olówó tí wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ àwọn abiyamọ wò ni, nítorí pé ọmọdé ń kú ní àdúgbò wọ̀nyí bí eéṣú. Ìgò tó rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, ó la ní ìdí, ó la ní ẹnu, kò ní rọ́bà gígùn, omi gbígbóná lè gba inú rẹ̀ já, ọwọ́ sì lè fọ̀ ọ́. Mísì Thornber ṣàlàyé títí. Zillah dúpẹ́ títí. Nígbà tí ọmọge náà lọ tán, ó gbé ìgò náà sójú iná àtùpà, ó wò ó bó ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò ní irú dígí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó dára tó báyìí, ṣé a máa ń lò ó lójoojúmọ́ ni? Ó gbé e sáàárín ajá tánganran méjèèjì. Gbogbo òpópónà ló ti wá wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí Percy ti ń kérora nínú àpótí, Zillah mú òkúta funfun, ó kúnlẹ̀, ó sì ń kun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú àìsàn nínú ilé. Bí aago mẹ́jọ bá lù tí àtẹ̀gùn rẹ kò funfun, wọn á ní ilé ọ̀bùn ni. Ṣáláńgá lè kún dé ọ̀run lẹ́yìn ilé, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Ṣíọ̀!

Keziah Binns náà ń kun tirẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, oyún oṣù mẹ́jọ ń fà á sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Enoch! Ọmọ ńkọ́?"

"Eyín ni."

"Ẹ̀ẹ́n, eyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nílé kẹfà, Sátidé ni wọ́n sin tiwọn."

Ìyá Dobbs, arúgbó tó ń gbé ilé tó tẹ̀lé ti Zillah, yọrí lójú fèrèsé. "Keziah, ìwọ olóyún yìí, ṣé o ò lè fi ẹnu rẹ ṣe nǹkan tó dáa ni? Ọwọ́ Ìyá Enoch lọmọ wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Mi ò sọ pé nǹkan kan ṣe é. Òórùn yìí ni mò ń sọ. Ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Imú mi ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní ìjọba ìlú ní kí onílé sanwó àwọn agbépòó, onílé ní ìjọba ìlú ló ni ìgbẹ́. Wọ́n ń tì í síra wọn lọ́rùn."

"Kí wọ́n máa tì í lọ. Eṣinṣin tí yóò bá wọn gbé e ló ń jẹ ẹ́ yìí."

Ìyá Dobbs rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Zillah kò rẹ́rìn-ín. Onílé tí wọ́n ń sọ, bàbá Mísì Thornber ni.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Percy kò ké mọ́. Zillah rò pé ara ti ń tù ú, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, mo wí bẹ́ẹ̀," ó sì lọ sá aṣọ. Ìgbà tó padà dé ló fọwọ́ kan àwùjẹ orí rẹ̀. Ó ti jìn, ó gba àtàǹpàkò. Ètè ọmọ náà gbẹ, ó ń lá a, ó ń wo ìgò. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Kí ni ìyá àgbà yóò ṣe fún ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ? Ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ náà fà á, ó bì í, ó tún yàgbẹ́. Ó tún ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọjú síta, ó pe Keziah.

Keziah gba ọmọ náà, ó wò ó, ó ní, "Ìyá Enoch, eléyìí kì í ṣe eyín o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí Selina."

"Kí wọ́n gba òfì lọ́wọ́ ẹ̀? Dúró ná. Jẹ́ kí n ronú."

Inú ìrònú yẹn ni wọ́n wà tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn iwájú. Kò sí ará àdúgbò tó ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Àwọn méjèèjì mọ ẹni tí í ṣe.

Ẹ ò bá rí bí ìyá yẹn ṣe yára! Ó tú àpọ́rọ̀n rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti garawa sábẹ́ tábìlì, ó ki ìgò onírọ́bà sábẹ́ tìmùtìmù àga. "Gbé e mọ́ra," ó sọ fún Keziah. "Má jẹ́ kó dún." Ó pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé, ó fọwọ́ ra irun rẹ̀, ó sì ṣí pálọ̀.

"Ẹ káàsán, Mísíìsì Ogden," Mísì Thornber ní. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, lọ́fínńdà ara rẹ̀ gba inú yàrá kan. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni pé àga lè gé e jẹ. "Ooru yìí mà pọ̀ o. Ọmọ wa ńkọ́?"

"Ó wà, Mísì. Ó ń sùn."

"Ó tún ń sùn? Ìgbà kẹta rèé tí mo wá tó ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ jí i o. Ṣùgbọ́n àìsàn ọmọdé pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo ti rí méjì lónìí nìkan. Ẹ wo ìwé yìí." Ó yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì rẹ̀. "Bí mo bá ti kọ orúkọ ọmọ sí i, dókítà ìlú á wá lónìí olónìí. Ẹ ò ní í san kọ́bọ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe tiwa, àbí?"

Zillah la ẹnu. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé sì ti wà lọ́wọ́ ọmọge náà. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ gbólóhùn yẹn, ilẹ̀kùn ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ṣí. Ọmọ onílé á rí garawa. Á rí eṣinṣin lórí tábìlì, agolo wàrà tí ẹnu rẹ̀ ti dúdú, á rí ohun tó wà lábẹ́ tìmùtìmù. Á béèrè pé kí ló dé tí wọn ò lo ìgò tí òun fún wọn láti ọjọ́ yìí? Nírọ̀lẹ́, á jẹun pẹ̀lú bàbá rẹ̀, á ní, "Bàbá, ilé kan wà ní Òpópónà Lílì." Ọdún mọ́kànlá ni Zillah ti ń kun àtẹ̀gùn yẹn.

Ohùn kan dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹkún. Ó kéré ju ẹkún lọ.

Mísì Thornber gbórí sókè. "Kí nìyẹn?"

"Ológbò ni, Mísì."

Wọ́n wo ara wọn. Òórùn ẹ̀yìnkùlé ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọge náà gbé áńkáṣíìfù sí imú, ó ṣe bí ẹni pé òógùn ló fẹ́ nù. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà pé ológbò ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò dìde.

Ojú rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ, ó sì tàn. "Áà, Mísíìsì Ogden! Ẹ wo bí ìgò yìí ṣe mọ́! Ilé mẹ́sàn-án ni mo ti dé lónìí, kò sí ibi tí mo ti rí irú ìmọ́tótó yìí. Bí gbogbo wọn bá rí bíi tiyín ni, iṣẹ́ wa ì bá ti parí." Ó kọ nǹkan sínú ìwé kékeré rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì dìde. "Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀ o."

"Yóò gbọ́, Mísì. Ẹ ṣeun o, Mísì."

Nígbà tí Zillah padà sí ilé ìdáná, Keziah kò gbé ojú kúrò lára ọmọ náà. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ó ní. "Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Kó wá wọ ibí yìí? Báyìí tó rí yìí?"

Keziah wo yíká. Òun náà ní ilé ìdáná tirẹ̀.

Nígbà náà ni ojú Percy yí sókè, tí funfun rẹ̀ nìkan ń hàn, Zillah sì ké pé, "Màá pè é padà! Màá lé e bá!" Ó sáré lọ sókè. Fìlà rẹ̀ ló lọ mú. Obìnrin tó bá mọ ara rẹ̀ kì í lé ọmọ olówó lójú títì láìdé fìlà. Ó dé e, pín-ìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí i, ó fi há fìlà mọ́ irun. Ìgbà tó dé kọ̀rọ̀ òpópónà, tráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ti gbéra, ó ń gòkè lọ, ẹ̀yìn fìlà Mísì Thornber ló rí lójú fèrèsé rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ó pariwo. Àwọn ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ilé ọtí wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà wọlé, Keziah ti da aṣọ bo ojú ọmọ náà.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni. Fèrè ilé ìhunṣọ kò tíì dún. Àwọn méjèèjì wẹ ọmọ náà, wọ́n wọ aṣọ funfun ìsàmì rẹ̀ fún un. Ìyá Dobbs wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run náà ló gbà á." Ọlọ́run! Gbogbo ẹ̀gbin tí èèyàn bá ṣe, Ọlọ́run ni wọ́n ń rù ú lé lórí. Ta ló rí Ọlọ́run lẹ́nu iṣẹ́ agbépòó? Zillah gbé ọmọ náà wọ pálọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ pẹpẹ, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Eré ni Selina sá dé, fọ́nrán òwú wà nínú irun rẹ̀, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ń mì ní bẹ́líìtì. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó rí àpótí ọsàn, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé pálọ̀ ṣí. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ó dúró lẹ́bàá tábìlì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ó tutù níbí," ó ní.

Zillah wà lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Kò sí eṣinṣin kankan." Selina ń wo yíká bí àlejò. "Ìyá, ṣé ó ti wọ ibí rí?"

Enoch ti dé, ó ti ṣí fìlà, ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mísì yẹn ńkọ́?" ó béèrè, bóyá nítorí pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. "Òní mà ni ọjọ́ rẹ̀. Ṣé kò wá ni?"

"Ó wá," Zillah ní.

"Kí ló ní ká ṣe?"

"Ó ní ìgò wa mọ́."

Selina yíjú padà. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo ìgò tó ń dán láàárín ajá méjì. Gbogbo wọn ń retí igbe. Kò ké. Ó gba iwájú wọn kọjá sí ilé ìdáná, ó gbé tìmùtìmù sókè bí ẹni tó ti mọ ibi tí nǹkan wà, ó fa rọ́bà yọ lẹ́nu ìgò. Ó já àlùmọ́gàjí tó fi ń gé òwú nídìí òfì, ó kì í bọ ẹnu rọ́bà náà, ó sì là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ya á bí a ti ń ya ìfun ẹja.

Inú rẹ̀ dúdú, nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù sínú rẹ̀, wàrà àtọdúnmọ́dún ti dì mọ́ ọn bí ikun. Òórùn tó jáde níbẹ̀ mú kí Enoch gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣáláńgá ò rùn tó o.

"Ẹ gbà, Ìyá," Selina ní, ó tẹ́ ẹ sí i lọ́wọ́, kò sì pariwo rárá. Ó padà lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, lórí àga tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò jókòó sí rí.

Zillah di rọ́bà náà mú. Ó ń wò ó. Mẹ́sàn-án ló bí. Ìgò onírọ́bà yìí kan náà ló fi tọ́ márùn-ún nínú wọn.

Ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ ni Keziah súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Enoch, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín fún ìgò yẹn, nítorí èyí." Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "Selina ti gé rọ́bà ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò ò kúkú fọ́. Kẹ́míìsì ń ta rọ́bà tuntun ní kọ́bọ̀ mẹ́ta."

Zillah wò ó títí tí Keziah fi rẹ ojú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ pálọ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Selina, ó gbé ìgò orí pẹpẹ, ó sì wá fi lé e lọ́wọ́.

"Èyí kẹ̀?" Keziah fi àpọ́rọ̀n nu ọwọ́ kó tó gbà á. "Áà! Ẹ ṣeun o, Ìyá Enoch. Ó mà dára jù o. Ọlọ́run á rọ́pò fún yín."

Nígbà tó di aago méje, tí oòrùn ṣì ń ràn, Zillah lọ fa kọ́tìnnì pálọ̀ bo fèrèsé, nítorí wọn kì í ṣí fèrèsé sílẹ̀ nílé tí òkú wà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára kọ́tìnnì nígbà tó wo òdìkejì ọ̀nà. Ìgò náà wà lójú fèrèsé pálọ̀ Keziah. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó ti ki òdòdó bébà kan bọ ẹnu rẹ̀.

Zillah jáde. Kò dé fìlà, kò bo ṣóòlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rin ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ ló gbé lé àtẹ̀gùn funfun Keziah, ó gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé láì kàn án. Ó fa òdòdó bébà yọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé ìgò náà lọ sí ilé ìdáná, ó bu omi sínú ìkòkò, ó gbé ìgò náà sínú rẹ̀, ó sì koná mọ́ ọn.

"Ìyá Enoch!" Keziah ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. "Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ ò bá wo ohun tí ẹsẹ̀ yín ṣe sí àtẹ̀gùn mi! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún!"

"Mú àga wá," Zillah ní. "Màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́."

"Ọmọ ò tíì dé kẹ̀, Ìyá Enoch. Ó ku oṣù kan."

"Mú àga wá."

Keziah mú àga wá. Zillah kò jókòó. Ó dúró ti ìkòkò náà, rọ́bà tí wọ́n là ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.